Má Sọ Ọ́ Dáadáa

"Tún un sọ," ni Oníkámẹ́rà wí, "ṣùgbọ́n má sọ ọ́ dáadáa."

Ọmọbìnrin náà dúró níwájú pátákó ìkọ̀wé, ó fọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. Ó ní aṣọ ilé-ìwé tuntun, ṣùgbọ́n wọ́n ti ní kó bọ́ ọ sílẹ̀, kó wọ ògbólógbòó tó ti ya léjìká, nítorí pé èyí tó ya yẹn làwọn tó ń wò ó lórí fóònù mọ̀ mọ́ ọn. Ó gbójú sókè wo Tíṣà Gẹ̀ẹ́sì. Tíṣà ń wo ilẹ̀.

"Bùrọ̀dá, bí ẹ ṣe ní kí n sọ ọ́ ni mo sọ ọ́ yẹn," lọmọ náà wí.

"O sọ ọ́ lóòótọ́, àmọ́ o sọ ọ́ bí ẹni tó mọ̀ pé òun ń ṣì í sọ. Ojú rẹ ń rẹ́rìn-ín. Ṣe ló yẹ kó dà bíi pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn lójú tìẹ. Ṣó yé ẹ?" Oníkámẹ́rà tún fóònù gbé ka orí igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta rẹ̀. "Tíṣà, ẹ̀yin náà, ẹ jọ̀ọ́, tó bá ti sọ ọ́ tán, ẹ káwọ́ lérí kíákíá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ pẹ́ kẹ́ ẹ tó ṣe é, àwọn èèyàn sì ráhùn nípa rẹ̀ nísàlẹ̀ fídíò."

Àwọn ọmọ kíláàsì yòókù jókòó, wọ́n ń retí. Wọ́n ti mọ ibi tó yẹ kí wọ́n ti rẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ tó yẹ kí Tíṣà máa kọ́ wọn lásìkò náà wà lójú pátákó, ṣùgbọ́n Oníkámẹ́rà ti nu ìdajì rẹ̀ kúrò, ó ní kò jẹ́ kí ojú ọmọ náà hàn. Ọmọ náà tún un sọ. Tíṣà káwọ́ lérí. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Oníkámẹ́rà ní ó kù díẹ̀ káàtó, ṣùgbọ́n òun á lò ó bẹ́ẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ kò le. Bàbá ọmọ yìí ló ń wa bọ́ọ̀sì ilé-ìwé náà kí àìsàn ọjọ́ díẹ̀ tó mú un lọ. Màdáámù tó ni ilé-ìwé wá sílé wọn, ó sunkún lójú gbogbo èèyàn, ó ní opó tí ọkùnrin náà fi sílẹ̀ kò ní jìyà níṣojú òun. Ó gbà á síṣẹ́ agbálẹ̀, ó sì ní kí ọmọ náà wá máa kàwé lọ́fẹ̀ẹ́. Ta ni kò ní yìn ín? Ilé-ìwé tí kò ní àga, tí òrùlé rẹ̀ ń jò, lọmọ náà ti ń bọ̀, Gẹ̀ẹ́sì ẹnu rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò rọ̀, ó wọ kíláàsì pẹ̀lú omi lára, ó ń bẹ Tíṣà pé kó má bínú pé òun pẹ́. Ohun tí gbogbo wa máa ń sọ nílé ló gbé sínú Gẹ̀ẹ́sì bó ṣe wà: ó ní òjò pa òun. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí òjò bá pa ti kú nìyẹn. Oníkámẹ́rà, tí í ṣe àbúrò Màdáámù, wà níbẹ̀, ó ń ya àwọn fèrèsé tuntun tí wọ́n fẹ́ fi polówó ilé-ìwé sórí ìkànnì wọn. Kò sẹ́ni tó wo fèrèsé. Ọmọ tí òjò pa, tó dúró tó ń bẹ̀bẹ̀, ni gbogbo ayé wò.

Kí oṣù tó parí, wọ́n ti sọ ọ́ ní Òyìnbó Kékeré. Àwọn ọ̀dọ́ gba ọ̀rọ̀ náà mọ́ ọn lẹ́nu. Ẹni tó féèlì ìdánwò á fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ sórí ìkànnì pé òjò ti pa òun. Ẹni tí ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀ já jù sílẹ̀, òjò pa á. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń ta agbòjò kọ ọ́ sára pátákó gàgàrà lẹ́bàá títì, wọn kò sì fún ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Nígbà tí Tíṣà kó àròkọ kíláàsì rẹ̀ jọ tó fẹ́ fi bírò pupa fàlà sábẹ́ irú rẹ̀, ó rí i pé inú ìwé gbogbo wọn ló wà. Ọmọ kan tiẹ̀ kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé pé kí Tíṣà má fàlà sí i, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló ń sọ ọ́.

Kì í ṣe pé Tíṣà kórìíra ọ̀rọ̀ tuntun. Ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ débi tó fi mọ̀ pé èdè kì í jókòó sójú kan. Àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n torí rẹ̀ nà án nígbà tó wà ní kékeré ti wọ inú ìwé atúmọ̀-èdè, wọ́n fẹsẹ̀ lélẹ̀ níbẹ̀ bí ọmọ onílé. Ohun tó ń dùn ún ni pé àwọn ọmọ olówó inú kíláàsì ń fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré ni. Tí wọ́n bá délé, wọ́n á gbé e jù sílẹ̀, wọ́n á padà sí Gẹ̀ẹ́sì tí bàbá wọn ń sọ. Ọmọ agbálẹ̀ nìkan ni wọn kò jẹ́ kó gbé tirẹ̀ sọ̀ kalẹ̀.

Tíṣà ti rò pé ẹnìkan á gba òun lọ́wọ́ eré yìí. Nígbà tí alábẹ̀wò ẹ̀kọ́ wá, ó to ìwé ètò iṣẹ́ rẹ̀ sórí tábìlì, ó ń retí kí ọkùnrin náà bi òun léèrè ohun tí òun kọ́ àwọn ọmọ. Alábẹ̀wò kò ṣí ìwé kankan. Ó béèrè Òyìnbó Kékeré, ó ní kó wá dúró ti òun, ó ya fọ́tò bíi mélòó kan, ó sì sọ fáwọn olùkọ́ pé bí ẹ̀kọ́ òde òní ṣe yẹ kó rí nìyí, kí àwọn ilé-ìwé yòókù wá kọ́ṣe níbẹ̀. Nígbà tó ń lọ, ó yíjú sí Tíṣà, ó káwọ́ lérí, ó sì rẹ́rìn-ín. Tíṣà náà rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ló ń rín, kí lèèyàn fẹ́ ṣe?

Lẹ́yìn tí Oníkámẹ́rà ti kó ẹrù rẹ̀ lọ lọ́jọ́ náà, Tíṣà lọ bá Màdáámù ní ọ́fíìsì rẹ̀. Ó bá a tó ń fi àtàǹpàkò yí ojú fóònù sókè.

"Ẹ jókòó, Tíṣà. Ẹ ti káwọ́ lérí dáadáa lónìí, àbúrò mi sọ fún mi."

"Ẹ ṣeun, mà. Ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn ni mo bá wá. Mà, ọmọ yẹn ti gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé tí mo bá fún un lọ́jọ́ Ẹtì, tó bá fi máa di ọjọ́ Ajé ó ti kà á tán, á tún máa bi mí ní ìbéèrè tí mo ní láti lọ wádìí. Nínú kíláàsì mi, kò sẹ́ni tó tó o. Ohun tá à ń mú un sọ níwájú fóònù yẹn, kò sọ bẹ́ẹ̀ mọ́."

"Èmi náà ti rí i. Òun ló ń bà mí lọ́kàn jẹ́." Màdáámù na fóònù sí i. "Ẹ kà á fúnra yín. Ẹni yìí ní ẹ̀tàn ni. Ẹni yìí ní a ti ba ọmọ náà jẹ́, ká dá Òyìnbó òun padà fún òun. Tíṣà, àwọn òbí tó ń mú ọmọ wá síbí, ẹ rò pé fèrèsé ni wọ́n rí? Òyìnbó ni wọ́n rí. Wọ́n á ní, ilé-ìwé tó lè gba irú eléyìí, tó ń fi sùúrù kọ́ ọ, ó dájú pé wọ́n á lè kọ́ ọmọ tàwọn."

"Ṣùgbọ́n a ò kọ́ ọ, mà. Ṣe là ń dá a dúró."

Màdáámù kò bínú. Obìnrin tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀rín múni ni. "Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ nípàdé àwọn olùkọ́ pé èdè kì í dúró lójú kan. Mo gbọ́ o, mo sì gbà. Tí gbogbo ayé bá wá ń sọ ọ́ bí Òyìnbó ṣe ń sọ ọ́, Tíṣà, ta ló ṣì í sọ nínú wa?"

Tíṣà gbé ọ̀rọ̀ gba ibòmíràn. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin kan wà lẹ́yìn ìlú, tí àwọn ọmọ ń gbé inú rẹ̀. Ẹni tó lówó ń sanwó, ẹni tí bàbá rẹ̀ ti kú ń wọ̀ ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n sì ń bá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ títí dé yunifásítì. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n ń mú láti ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan, ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò lédè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi ń mú un. Tíṣà fẹ́ kí ọmọ agbálẹ̀ lọ.

"Kó lọ," ni Màdáámù wí. "Ọmọ tèmi náà ń lọ. Ẹ mú àwọn méjèèjì dání. Mi ò ní dí ọmọ ọlọ́mọ lọ́nà."

Ó ya Tíṣà lẹ́nu pé ó gbà bẹ́ẹ̀ kíákíá. Ó dúpẹ́, ó jáde.

Yàrá tí opó náà ń kó ìgbálẹ̀ àti korobá rẹ̀ sí ni Tíṣà ti ń kọ́ ọmọ náà ní àkókò ìsinmi, nítorí pé ibẹ̀ nìkan ni Oníkámẹ́rà kì í dé. Wọ́n á dojú korobá méjì dé, wọ́n á jókòó lé e. Tíṣà á béèrè, ọmọ á dáhùn. Ẹ̀kọ́ tó dùn mọ́ Tíṣà jù lọ nígbèésí ayé rẹ̀ nìyẹn, àárín òórùn ọṣẹ àti àkísà tútù. Opó náà á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á máa fọ àkísà rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kó má bàa tètè tán. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rárá.

"Tíṣà, ẹ rọra o," ló wí lọ́jọ́ kan. "Bọ́mọ yìí ṣe ń sọ ọ́ báyìí, ọjọ́ kan á fi bú mi, mi ò sì ní mọ̀. Ṣe ni màá máa ṣe àmín."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí tó fi yọ̀ ṣubú lórí korobá. Opó náà pẹ̀lú rẹ́rìn-ín. Ó ti mọ ẹ̀rín rín lọ́dún náà. Tó bá ń kọjá ní títì, àwọn ọlọ́kadà á máa pariwo pé kó yára o, òjò ń bọ̀, òun náà á ju ọwọ́ sí wọn, á sì bá wọn rín in. Ọ̀ràn tó bá kọjá ẹkún, ẹ̀rín là ń fi í rín.

Ní alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, opó náà lọ aṣọ tuntun ọmọ náà, ó sì bẹ Tíṣà lórí fóònù pé kó bá òun mójú tó o, kó má jẹ́ kó jókòó síbi tí aṣọ yóò ti dọ̀tí.

Àwọn mẹ́ta ló jókòó sídìí tábìlì gígùn nínú yàrá ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò: obìnrin kan tó wọ gíláàsì, tó jẹ́ alága, ọkùnrin kan tó ń kọ máàkì sílẹ̀, àti obìnrin kejì tí kò fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀. Wọ́n gba Tíṣà láyè kó jókòó sẹ́yìn, ṣùgbọ́n wọ́n kìlọ̀ fún un pé kò gbọ́dọ̀ lanu. Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo ohun tí wọ́n sọ níbẹ̀.

Alága ní kí ọmọ náà sọ̀rọ̀ nípa ẹnìkan tó bọ̀wọ̀ fún. Ọmọ náà sọ̀rọ̀ nípa bàbá rẹ̀. Ó ní awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni. Ó ní tí gbogbo ọmọ bá ti sọ̀ kalẹ̀ tán, bàbá òun kì í ti ilẹ̀kùn, ṣe ló máa ń rìn dé ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì, á máa bẹ ìsàlẹ̀ àga wò lọ́kọ̀ọ̀kan, bóyá ọmọ kan sùn lọ síbẹ̀. Ó ní nígbà kan ó rí ọmọ bẹ́ẹ̀ ní tòótọ́, ó gbé e sẹ́yìn títí dé ilé wọn. Kò kánjú. Ọ̀rọ̀ ń jáde létòlétò lẹ́nu rẹ̀. Tíṣà fi ọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀ kí inú rẹ̀ tó ń dùn má bàa hàn.

Alága bọ́ gíláàsì rẹ̀. "Dúró ná. Ṣé kì í ṣe ọmọ inú fídíò yẹn nìyí?"

Ọkùnrin tó ń kọ̀wé gbójú sókè, ojú rẹ̀ tàn. "Òun ni o. Òyìnbó Kékeré. Àwọn ọmọ mi kì í jẹ́ kí n gbádùn nítorí rẹ̀."

"Jọ̀ọ́, sọ ọ́ fún wa," ni alága wí. "Ẹ̀ẹ̀kan péré."

Ọmọ náà wẹ̀yìn. Tíṣà mi orí pé kó má sọ ọ́. Ṣùgbọ́n àgbà mẹ́ta ló wà níwájú tí wọ́n ń bẹ̀ ẹ́, ọmọ tí wọ́n sì kọ́ nílé kì í jẹ́ kí àgbà bẹ òun títí. Ó sọ ọ́.

Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé alága gbá tábìlì. Ọkùnrin náà ní kó tún un sọ, ó tún un sọ. Ìgbà tí wọ́n fara balẹ̀, alága ní kó máa bá ìtàn rẹ̀ lọ, ó ti dé ibi tí bàbá rẹ̀ gbé ọmọ sẹ́yìn. Ọmọ náà gbé ìtàn rẹ̀ níbi tó fi í sí. Ó ní bàbá òun kò sí mọ́. Ó ní àìsàn ló pa á.

Lọ́tẹ̀ yìí, Gẹ̀ẹ́sì náà tọ́. Kò sí ohun tí Tíṣà ì bá fàlà sí nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà ti gbọ́ pé nǹkan pa ẹnìkan, ẹ̀rín tó ṣì wà lọ́fun rẹ̀ bú jáde, alága sì gbè é. Obìnrin kejì di ọkùnrin náà lápá mú, ó sọ nǹkan sí i létí. Ó ti bọ́ sórí. Tíṣà dìde dúró. Ọkùnrin náà wò ó, ó rán an létí pé wọ́n ti kìlọ̀. Ó jókòó padà. Ohun tó ń ṣe é nígbà náà kì í ṣe ìbínú nìkan, ìtìjú ni, ìtìjú ẹni tó mú ọmọ ẹlòmíì wá síbi tí kò mọ̀.

"Má bínú, ọmọ dáadáa," ni alága wí. "O ṣeun. Ó ti tó." Ó ní kí ọmọ náà wá sẹ́yìn tábìlì kí wọ́n jọ ya fọ́tò. Ọmọ náà lọ, ó sì rẹ́rìn-ín sí fóònù, nítorí pé ó ti mọ́ ọn lára.

Ọmọ Màdáámù ló tẹ̀ lé e. Alága bi í bóyá òun àti ẹni tó jáde yẹn jọ ń lọ ilé-ìwé kan náà. Ọmọ náà ní bẹ́ẹ̀ ni, ó sì gbé ohùn Òyìnbó Kékeré wọ̀, ó ní òjò pa òun náà, ó káwọ́ lérí bíi Tíṣà. Lẹ́yìn náà ló tún ohùn rẹ̀ mú, ó sọ̀rọ̀ nípa ìyá rẹ̀ tó dá ilé-ìwé sílẹ̀ kí àwọn aláìní lè rí ẹ̀kọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọkùnrin náà sọ fún alága pé ọmọ tó mọ ìgbà tó yẹ kó ṣeré àti ìgbà tí kò yẹ nìyí.

Òun ni wọ́n mú.

Tíṣà kọ̀wé sí alága. Wọ́n dá a lóhùn pé ọmọ kejì tó mú wá ní ẹ̀bùn ìdẹ́rìn-ínpani púpọ̀, àwọn sì gbà á nímọ̀ràn pé kó túbọ̀ tẹra mọ́ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀.

Nígbà tí ilé-ìwé padà wọlé, Màdáámù pe opó náà àti Tíṣà sí ọ́fíìsì.

"Mo bá ẹ kẹ́dùn, ìwọ ìyá yìí," ló wí. Opó náà jù ú lọ́jọ́ orí. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ wà láyé, "ẹ" ni Màdáámù ń pè é. Ọjọ́ tó gbé ìgbálẹ̀ dání ló di "o". "Ọlọ́run mọ̀ pé inú mi ò dùn pé wọn ò mú un. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fúnra wa. Àwọn tó ń wò wá ń lọ. Wọ́n ní ọmọ rẹ ń díbọ́n. Ohun tí wọ́n ń tìtorí ẹ̀ wá ló ń kúrò lára ọmọ yìí, Tíṣà tó ò ń wò yìí ló sì ń bá a lé e dànù."

"Ẹ má bínú, mà," lopó náà wí. Kò tíì mọ ohun tí òun ṣẹ̀, ó ti ń bẹ̀bẹ̀.

"Mi ò bínú. Mo kàn fẹ́ kó padà sí bó ṣe wà ni. Tíṣà, ẹ̀yin lẹ máa kọ́ ọ. Ẹni tó mọ èyí tó tọ́ ló mọ èyí tí kò tọ́. Ẹ máa ṣe àṣìṣe tuntun fún un, ti òjò yẹn ti gbó. Ẹ máa fi kọ́ ọ títí tí yóò fi mọ́ ọn lẹ́nu, táwọn èèyàn ò fi ní mọ̀ pé wọ́n kọ́ ọ ni. Tí kò bá bọ́ sí i kí táàmù yìí tó parí, màá wá ọmọ mìíràn. Ọmọ tálákà kò wọ́n. Àyè ọ̀fẹ́ kan ṣoṣo ni mo ní, ìgbálẹ̀ kan ṣoṣo náà ni."

"Mi ò lè ṣe irú ẹ̀, mà," ni Tíṣà wí.

"Ẹ lọ rò ó."

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, Tíṣà sọ fún opó náà pé òun máa kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Opó náà gbé korobá rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀.

"Kẹ́ ẹ wá lọ síbo, Tíṣà?"

"Ibikíbi tí wọ́n bá ti ń kọ́ ọmọ."

"Ẹ̀yin lè lọ síbikíbi. Àwa ńkọ́? Tẹ́ ẹ bá lọ, ẹlòmíì ni wọ́n máa mú, olúwarẹ̀ lè máa fi ẹgba kọ́ ọ. Ilé-ìwé tó ti ń bọ̀, ẹ gbọ́ ìròyìn ẹ̀. Níbí, ó kéré tán, ó ń rí ìwé kà." Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Tíṣà, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Ẹ jẹ́ kó máa mọ èyí tó dáa sínú. Kó má kàn sọ ọ́ síta ni. Wọn ò tíì lé wa. Ikú tó fẹ́ pani, tó bá ṣíni ní fìlà, ṣebí ó yẹ ká dúpẹ́?"

Tíṣà fẹ́ sọ fún un pé ohun tí èèyàn kò bá sọ síta kì í pẹ́ nínú. Aáyán fẹ́ jó, adìẹ ni kò jẹ́. Kí ni yóò máa fìyẹn dá opó lágara sí? Ó ní òun á ṣe é.

Wọ́n padà sínú yàrá ìgbálẹ̀, wọ́n dojú korobá dé. Tíṣà sọ gbólóhùn kan ní Gẹ̀ẹ́sì, pé bọ́ọ̀sì ti lọ kí òun tó dé. Ọmọ náà tún un sọ lọ́nà tó tọ́.

"Rárá," ni Tíṣà wí. "Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́yìn yẹn, gbé e ṣíwájú. Kó o wá yọ ọ̀rọ̀ kékeré yìí kúrò."

"Kí ló dé tó fi jẹ́ ìyẹn ni ká yọ, Tíṣà? Kì í ṣe òun ló jẹ́ ká mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti kọjá ni?"

"Òun ni." Ó ṣàlàyé fún un ìdí tó fi yẹ kó wà níbẹ̀ àti ohun tó ń ṣe fún gbólóhùn náà. Ọmọ náà fetí sílẹ̀, ó gbọ́ ọ yé, ó sì yọ ọ́. Wọ́n ṣe òmíràn, wọ́n ṣe òmíràn. Kò sí kíláàsì tí Tíṣà ti kọ́ òfin èdè náà tí wọ́n gbọ́ ọ tó bí ọmọ yìí ṣe ń gbọ́ ọ, láti lè mọ ibi tí yóò ti rú u. Tó bá ṣèèṣì sọ ọ́ dáadáa, Tíṣà á dá a dúró. Á ní kó padà.

Nígbà tó yá, ọmọ náà ní kí Tíṣà jẹ́ kí òun dán ti ara òun wò. Ó ronú díẹ̀, ó wá sọ ọ̀kan tí Tíṣà kò kọ́ ọ, ojú rẹ̀ le koko bí ẹni tó ń ka ìròyìn. Ó pa èèyàn lẹ́rìn-ín ju gbogbo èyí tí Tíṣà ti ń fi ọpọlọ wá lọ. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Tíṣà kó tó mọ̀. Inú ọmọ náà dùn, ó súnmọ́ ọn.

"Ṣé mo gbà á, Tíṣà?"

"O gbà á," ni Tíṣà wí. Ó yíjú sí ògiri.

Opó náà yọ orí wọlé. Ó ti gbọ́ ẹ̀rín lóde. Ó wo ojú ọmọ rẹ̀, ó wo Tíṣà, kò sì gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú ohun tí wọ́n ń sọ.

"Ṣé ó ti bà jẹ́ tó, Tíṣà? Ṣé Màdáámù á gbà á bẹ́ẹ̀?"

"Ó ti bà jẹ́ tó, ìyá."

Obìnrin náà nu ọwọ́ tútù rẹ̀ sára aṣọ, ó kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.

"Ẹ ṣeun, Tíṣà. Báyìí lẹ̀yin náà á ṣe rí ẹni bá yín kọ́ ọmọ tiyín."